Ọkọ̀ Tí Ó Ń Kúnlẹ̀ Kí Àgbà

Ẹ kú ilé o, Ìyá Kọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi tí ó di ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìfaradà òjò ọdún yìí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ìhín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kápẹ́ẹ̀tì ni àyà mi kàn, kì í ṣe ilẹ̀ Ìkirè. Mo kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo sì kí àwọn ará ilé kejì, tí wọ́n máa ń gbọ́ ohùn mi lórí fóònù yín ju bí mo ṣe rò lọ.

Kọ́lá ọmọ yín ni yóò ka lẹ́tà yìí fún yín. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí ó sì gbé ohùn sókè. Mo tún ti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tẹ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Ẹ̀yin mọ̀ mí. Láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀rù ẹnu ènìyàn ju ejò lọ, nítorí pé ejò a máa sùn. Kí ló wá dé tí mo fi ń fi ọwọ́ ara mi gbé ọ̀rọ̀ mi sí ojú títì? Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ náà ti dé títì kí èmi tó dé ibẹ̀. Wọ́n ti sọ fún yín pé mo ra ọkọ̀ Jámánì dúdú kan tí ara rẹ̀ ń dán bí ojú omi. Wọ́n ní mo ń fi ọkọ̀ ọlọ́lá yan fanda ní Amẹ́ríkà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé garawa kiri inú yàrá láti gbe òjò. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo ṣe gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Ṣadé ọmọ mi ni mo ń gbé ní Irving, ní ìpínlẹ̀ Texas. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì le. Èmi náà kò jókòó lásán. Ní pápákọ̀ òfurufú tí kò jìnnà sí wa, mo ń ti àga onítáyà fún àwọn arìnrìn-àjò tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn dáadáa mọ́. Àwọn mìíràn nínú wọn kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Wọn a wo irun mi, wọn a bi mí bóyá kí àwọn dìde kí èmi jókòó. Iṣẹ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ó fún mi láàyè láti bi ènìyàn ní ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí ní ọ̀fófó.

Ṣùgbọ́n ìlú yìí kì í ṣe ìlú tí à ń fi ẹsẹ̀ rìn. Oòrùn ibí a máa ran títí ọ̀dà ojú ọ̀nà yóò fi máa dán lókèèrè bí odò tí kò sí níbẹ̀. Ní àkókò mìíràn yìnyín a rọ̀, èyí tí ó tó ẹyin adìyẹ, a sì máa lu orí ọkọ̀ àti òrùlé bí ẹni tí ń gba gbèsè. Èyí tí ó nira fún mi jù ni pé kò sí ẹni tí ń kọjá lójú fèrèsé. Ní Ìkirè, bí mo bá gbé àga sí iwájú ilé, kíkí ni yóò rẹ̀ mí lẹ́nu. Níbí, mo lè jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ó jẹ́ pé ajá ẹnìkan ni yóò wò mí, tí olówó rẹ̀ yóò sì fà á lọ. Ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ níbí. Bí mo bá fẹ́ lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì, àfi kí Ṣadé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà iṣẹ́ tún bàtà wọ̀. Kì í ráhùn. Àìráhùn rẹ̀ náà ni ó ń dùn mí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pín owó iṣẹ́ mi sí ọ̀nà méjì láti ọjọ́ pípẹ́. Apá kan wà fún ọkọ̀ kékeré tí yóò gbé mi lọ síbi iṣẹ́ àti sí ilé Ọlọ́run. Apá kejì wà fún páànù ilé yín, tí mo ṣèlérí rẹ̀ fún yín, tí ẹ kò sì fi ẹnu yín béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Apá méjèèjì kò mọ ara wọn. Mo fi wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí àkùkọ méjì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ìjọ wa tí ń jẹ́ Gbóyèga. Iṣẹ́ kọmpútà ni ó ń ṣe, ó sì ń gbé ní ìlú Allen. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ ní àròyé kan nípa rẹ̀: kì í dúró kí ìsìn parí. Kí a tó pa ojú dé fún oore-ọ̀fẹ́, ó ti jáde. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, àwọn kan ní ó ní ibi tí ó ń lọ. Gbóyèga yìí ni ó gbọ́ pé mo ń wá ọkọ̀, tí ó sì sọ fún mi pé òun fẹ́ ta ọkọ̀ Jámánì òun, pé nítorí pé mo jẹ́ bàbá, òun yóò ta á fún mi ní iye tí à ń ta ọkọ̀ kékeré ti Jàpáánù. Ní ilé, tòkunbọ̀ ni à bá pè é. Níbí tí kò tíì rí òkun, àlòkù lásán ni.

Ìyá Kọ́lá, ẹ bá mi wo inú ọkọ̀ náà. Awọ ni wọ́n fi bo àga rẹ̀. Bí ooru bá mú, àga náà a máa fẹ́ atẹ́gùn tútù sí ènìyàn ní ìdí. Bí o kò bá pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé dáadáa, yóò fa ara rẹ̀ dé jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò mọ̀ pé òun kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún. Mo bi Gbóyèga léèrè ohun tí ó ń ti ilẹ̀kùn, ohun tí ó ń tutù nínú àga, ibi tí atẹ́gùn náà ń gbà wọlé. Kò mọ̀. Ó ní, Bàbá, èmi kàn ń jókòó lé e ni. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé, ó ní kí n lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan kí n mọ ìwà rẹ̀, kí n tó san kọ́bọ̀.

Nínú gbogbo ìbéèrè tí mo bi í, mo gbàgbé èyí tí ó ṣe pàtàkì jù: èéṣe tí owó ọkọ̀ tí ó tóbi tó báyìí fi rọrùn bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin mọ iṣẹ́ tí mo ṣe dàgbà. Ìdí òṣùwọ̀n kòkó ni mo wà, ara àpò kòkó ni mo sì ti kọ́ ìwé kíkà, tí ẹ̀yin ń rí mi tí mo ń fi ìka tọ lẹ́tà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń fi ojú ra kòkó. Ọ̀bẹ ni a fi ń rà á. A ó bu ẹ̀kúnwọ́ láti inú àpò, a ó la kóró rẹ̀ sí méjì, a ó wo inú kí a tó dárúkọ owó. Kòkó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, tí inú rẹ̀ ti bu, mo ti rí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Mo pinnu pé ní ọjọ́ Ajé, n ó gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì, kí ó bá mi là á wò.

Àmọ́ ọjọ́ Ìsinmi ni ó ń ṣáájú ọjọ́ Ajé. Èyí ni àṣìṣe mi. Mo fi ọkọ̀ tí n kò tíì là wò gbé Ṣadé lọ sí ilé ìjọsìn.

Nígbà tí ìsìn parí, tí a jáde, àwọn ènìyàn ti pé yí ọkọ̀ náà ká. Igun iwájú rẹ̀ kan ti rẹlẹ̀ wálẹ̀, táyà rẹ̀ ti wọ abẹ́ ara lọ, gbogbo ọkọ̀ náà sì tẹ orí síwájú bí ọmọbìnrin tí ń kí ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá Tóbi ni ó kọ́kọ́ pariwo. Ìyá Tóbi ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa, fóònù kì í sì í tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, Ẹ wá wo ọkọ̀ ọmọlúàbí o! Ó rí àgbà, ó kúnlẹ̀! Ó ní, Bàbá Ṣadé, tiwa ń dúró ṣánṣán bí ọmọ tí kò gbẹ́kọ̀ọ́, tiyín ni wọ́n kọ́ nílé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu láti sọ pé kì í ṣe tèmi, pé mo kàn ń wò ó ni. Ṣùgbọ́n àgbà ìjọ wa ti gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Ó ní ọkọ̀ yìí kò ní mu ẹ̀jẹ̀. Ó ní yìnyín kò ní fọ́ ọ, ìjì kò ní gbé e. Ó ní ohun tí ó bá bo orí wa kò ní jò. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ta ni yóò gbọ́ pé òun kò ní kú sínú ọkọ̀, tí yóò ní, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé? Mo ṣí ẹnu fún àlàyé, Àmín ni ó jáde. Mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, kíkankíkan. Ṣadé wò mí, èmi wo ilẹ̀. Nígbà tí a parí, wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní ẹ kú orí ire, ẹ ó lò ó gbó, ìgbà wo ni a ó wẹ̀ ẹ́? Ìyá Tóbi ti ya àwòrán, ó sì ti ń fi ránṣẹ́ kiri. Ohùn ni ẹyin: èyí tí mo jẹ́ kí ó bọ́ ti fọ́ kí n tó wo ẹsẹ̀ mi.

Ní ọjọ́ Ajé, mo wa ọkọ̀ náà lọ sí ìlú Lancaster, níbi tí Ọ̀gá Múfú ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńlá. Ọmọ Ìbàdàn ni, ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì mọ ìrẹ̀lẹ̀. Ó ní kò sí ọkọ̀ Jámánì kan ní gbogbo Texas tí òun kò tíì rí ìhòòhò rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé ọkọ̀ náà ń kúnlẹ̀, ó fi ìdí ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ó ní, Bàbá, bí ẹ bá ra ọkọ̀ yìí, ọmọ mi yóò wọ yunifásítì.

Ó gbé e sókè, ó pè mí sí abẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn, ẹ má bínú. Nínú gbogbo ẹ̀rù tí ó ń bà mí, ojú mi kò kúrò lókè. Múfú fi iná hàn mí pé ọkọ̀ náà kò ní irin wíwé tí ó yẹ kí ó gbé e dúró bí ti àwọn ọkọ̀ tí a mọ̀. Orí àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ni ó dúró lé, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ibí ti jẹ́ kí ọ̀kan nínú rọ́bà náà sán, afẹ́fẹ́ sì ń yọ́ jáde. Mo bi í pé, tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló ń gbé e dìde nígbà tí mo bá ṣáná sí i? Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ mìíràn sí i. Ó ní ẹ̀rọ náà kò ní ìsinmi mọ́, ó dà bí ẹni tí ń pọn omi sínú agbè tí ó jò, òun náà yóò sì kú láìpẹ́. Mo bi í bóyá a lè lẹ rọ́bà náà bí à ti ń lẹ táyà. Ó ní, Bàbá, èyí kì í ṣe kẹ̀kẹ́ o. Bí mo bá lẹ̀ ẹ́ lónìí, lọ́la yóò kúnlẹ̀, lọ́tùnúnla yóò dọ̀bálẹ̀.

Ìbéèrè ń bí ìbéèrè. Mo bi í nípa báàtìrì. Ó ní bí a bá pààrọ̀ báàtìrì ọkọ̀ yìí, a ní láti fi báàtìrì tuntun náà han kọmpútà tí ó wà nínú rẹ̀, bí ìgbà tí a bá ń mú ìyàwó tuntun han àwọn àgbà ilé. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà kò ní mọ bí yóò ṣe máa bọ́ ọ. Mo bi í nípa omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Ó ní ike ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ohun tí omi náà ń gbà kọjá, ike náà sì ti gbó, bí ó bá fọ́ lójú títì márosẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè jóná. Ó tọ́ka sí rọ́bà kan tí ọ́ìlì ń jò lẹ́bàá rẹ̀, kò nípọn ju okùn bàtà lọ. Mo ní, èyí kò lè wọ́n. Ó ní rọ́bà kò wọ́n, ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ ni ó wọ́n. Gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ni òun yóò kọ́kọ́ tú, gbogbo rẹ̀ ni òun yóò sì tún dì padà, wákàtí ni àwọn sì ń tà níbí.

Nígbà tí mo délé, Ṣadé bá mi wá iye àwọn ẹ̀yà náà lórí fóònù rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń tà. Èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ṣe fúnra rẹ̀ wọ́n jù. Èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe rọrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n Múfú ti kìlọ̀ pé dídára rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. Èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tí ó ti kú ni ó rọrùn jù, àmọ́ àpò rọ́bà àlòkù fún ọkọ̀ àlòkù dà bí eyín tí a yọ lẹ́nu arúgbó kan fún arúgbó mìíràn. Mo tún ti yá ìwé kan ní ilé-ìkàwé nípa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ń kà á díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni ohun tí ó ń rú mi lójú ti yé mi. Iye ọkọ̀ ń wálẹ̀ bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe ń gòkè, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kò gbọ́ pé ọkọ̀ náà ti darúgbó. Iye tí wọ́n ń ta ẹ̀yà náà fún ọlọ́lá tí ó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ ní tuntun ni wọ́n ṣì ń tà á fún arúgbó tí ń ti àga. Gbóyèga kò rẹ́ mi jẹ. Owó ọkọ̀ ni ó rọrùn, ọkọ̀ kò rọrùn.

Mo wá gbé e sórí òṣùwọ̀n bí mo ti ń ṣe sí kòkó. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ tó láti rà á. Láti mú un dìde kúrò ní ìkúnlẹ̀, ọwọ́ mi yóò wọ inú owó kejì. Igun kọ̀ọ̀kan ọkọ̀ náà yóò jẹ òrùlé yàrá kan nínú ilé yín. Ọkọ̀ náà ní igun mẹ́rin, Ìyá Kọ́lá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ iye yàrá tí ó ń jò.

Ẹnikẹ́ni yóò rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Kò parí, nítorí pé ní ọjọ́ kejì ni àbúrò ọkọ yín pè mí láti Ìkirè. Ó ní, Bàbá Ṣadé, a ti rí i o! Ọkọ̀ ń kúnlẹ̀ fún ọ, ìwọ kò wá fẹ́ kúnlẹ̀ fún wa! Ó ń ṣe àwàdà, lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ garawa fún mi, ó ní kì í ṣe òun ló sọ ọ́, òun kàn gbọ́ ọ ni. Gbogbo ènìyàn ni ó pè mí lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò pè. Mo mọ̀ pé bí inú bá bí yín, ẹ máa ń pariwo. Bí ohun kan bá dùn yín, ẹ máa ń dákẹ́. Ìdákẹ́ yín ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí.

N kò ní purọ́ fún yín ní gbangba báyìí. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n ra ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbàdúrà sí i. Bí mo bá dá a padà, wọn ó ní owó ni n kò ní. Àwọn mìíràn ó ní wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Arúgbó tí ó ṣe Àmín sí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ìtàn rẹ̀ yóò dùn ju ẹran lọ. Mo sọ ọ́ fún Ṣadé. Ó ń ká aṣọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, Bàbá mi, ẹnu tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ dí, ṣé ó máa bá yín san owó Ọ̀gá Múfú?

Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo wa ọkọ̀ náà lọ sí Allen.

Gbóyèga gbé omi fún mi, ó sì jókòó. Mo sọ gbogbo ohun tí Múfú rí fún un, mo wá bi í jẹ́jẹ́ pé, ọmọ mi, ìwọ kò mọ̀ pé ó ń kúnlẹ̀ ni? Ó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, Bàbá, ẹ má bínú, mo mọ̀. Ó ní nígbà tí òun rà á, ìdúpẹ́ ńlá ni òun ṣe, gbogbo ìjọ jó lọ síwájú pẹ̀lú òun. Láti ìgbà náà ni òun ti ń tún un ṣe, nítorí òun kò mọ bí òun yóò ṣe sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré lójú àwọn tí ó bá òun jó. Ó wá sọ ohun tí n kò lè gbàgbé. Ó ní ìdí nìyí tí òun kì í fi í dúró gba oore-ọ̀fẹ́: òun máa ń sáré jáde lọ ṣáná sí ọkọ̀, kí ó lè dìde kí àwọn ènìyàn tó rí i.

Mo wò ó. Mo rántí gbogbo ohun tí a ti sọ nípa ọmọ yìí lẹ́yìn rẹ̀, èmi náà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ ọ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí, ó sì ran òun náà. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, àgbà tí ń bẹ̀rù ẹnu àti ọmọdé tí ń bẹ̀rù ẹnu, ọkọ̀ náà sì ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níta lójú fèrèsé. Ó ní òun kò tún ní tà á fún ẹnikẹ́ni tí òun mọ̀. Àwọn tí ń tú ọkọ̀ fún ẹ̀yà ni òun yóò gbé e fún. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ọkọ̀ náà gbé mi padà sí Irving. Mo bi í bóyá mo lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí. Ó ní kí n kọ ọ́, ó ti rẹ òun láti máa sáré.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n pe àwọn tí ó fẹ́ dúpẹ́, mo jáde. Mo ní mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n ra ọkọ̀ kan. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo, títí kan Àmín mi. Ẹ̀rín tí wọ́n rín kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín, mo mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ìyá Tóbi dìde, ó ní kí n dúró o, kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, fóònù òun kò tíì ká a. Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá àgbà ìjọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú pé mo fi àdúrà rẹ̀ ṣòfò. Ó ní àdúrà kì í ṣòfò. Ó ní Àmín ti ẹnu mi jáde, tèmi ni, kí n lọ wá ibi tí n ó gbé e kalẹ̀ sí.

Mo ti ra ọkọ̀ báyìí. Ti Jàpáánù ni, ó kéré, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, àga rẹ̀ kò sì fẹ́ atẹ́gùn sí ibì kankan. Múfú là á wò kí n tó sanwó. Ó ní ó dun òun, pé ọmọ òun kò ní lè ti ara èyí kàwé. Irin ni ó dúró lé, kì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo fi gbé ara mi lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì, Ṣadé sì sùn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ nìyí. Owó kejì pé, n kò fọwọ́ kàn án. Kọ́lá ti gbà á, káfíńtà yóò sì dé kí òṣù tó parí. Mo ti rí ibi tí n ó gbé Àmín náà kalẹ̀ sí: orí òrùlé yín ni. Yìnyín kò ní fọ́ ọ, ìjì kò ní gbé e, ohun tí ó bo orí yín kò ní jò. Bí àwọn tí ó wá kí yín kú orí ire ọkọ̀ bá tún wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kí yín kú orí ire páànù. Bí wọ́n bá sì bi yín ìgbà tí a ó wẹ̀ ẹ́, ẹ kó garawa jáde kúrò nínú yàrá, ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró de òjò.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Kí ó fún yín ní oorun tí ẹnikẹ́ni kò ní jí yín láti gbé nǹkan kúrò lójú omi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà. Ẹ kí àbúrò ọkọ yín, kí ẹ sọ fún un pé mo ti kúnlẹ̀ báyìí. Ẹ kí àwọn ará ilé kejì, tí mo mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Bí inú yín bá ti rọ̀, ẹ pè mí, kí ẹ sì pariwo.

Èmi ni, Àlàó, àbúrò yín nípa ìbí, ọmọ yín nípa títọ́.